Wáyà Kékeré Tí Mo Yọ

Ní oṣù kẹta ọdún tó kọjá ni bàbá mi pé ẹni àádọ́rin ọdún. Ẹ̀bùn kan ṣoṣo ni mo ní lọ́kàn láti fún wọn: mo fẹ́ kí wọ́n tún gbọ́ ohùn I.K. Dairo nínú ilé ara wọn, láti ara àwo orin tí wọ́n rà nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní Iléṣà. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé ni bàbá mi. Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni orírun Dairo pẹ̀lú. Bí àlejò bá jókòó pẹ́ díẹ̀ ní pálọ̀ wa, kò ní ṣàìgbọ́ pé ọdún 1963 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá olórin náà lọ́lá, àti pé òun ni ó mú kí àkọ́díọ́nù gbajúmọ̀ nínú orin jùjú.

Ilé wa wà ní Òkè-Fìà, nílùú Òṣogbo. Ọdún 1988 ni bàbá mi kọ́ ọ, lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti gbé wọn kúrò ní Iléṣà. Giramafóònù wọn àti ampilifáyà onírin tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ ti wà nínú yàrá ìkẹ́rù fún nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo kó wọn jáde, mo gbé wọn lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tí ó ń tún rédíò ṣe. Ó pààrọ̀ abẹ́rẹ́ àti bẹ́líìtì giramafóònù, ó sì gbọn eruku inú ampilifáyà dànù. Owó àpilẹ̀kọ mẹ́ta ni mo fi san owó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fi gègé jẹun bíi tèmi yóò mọ̀ pé èyí kì í ṣe owó kékeré.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìbí náà, gbogbo ẹbí péjọ. Mo tan ẹ̀rọ. Kí abẹ́rẹ́ tó kan àwo rárá, ohùn kan ti ń jáde láti inú sípíkà: hùùùùù. Ó ń kùn bí oyin tí a há mọ́ inú agbè. Nígbà tí orin bá lọ sókè, a kò ní gbọ́ ọ mọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ìlù bá ti rẹlẹ̀, tí àkọ́díọ́nù nìkan ń sọ̀rọ̀, ibẹ̀ gan-an ni yóò ti gbórí sókè. Bàbá mi dúpẹ́, wọ́n sì ṣàdúrà fún mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé, "Ọmọ mi, ta ni ó ń bá Dairo kùn yìí?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé ọkàn.

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá orísun kíkùn náà. Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ ni pé iná tí ó ń wọ ilé wa kì í ṣàn lọ tààrà bí omi odò. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nígbà tí ìlọ-ìbọ̀ yìí bá ráyè wọ inú ẹ̀rọ orin, etí yóò gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ohùn tó rẹlẹ̀ tí ń kùn, ní ìwọ̀n 50 fúnra rẹ̀ tàbí ìlọ́po rẹ̀, 100. Ó sì yà mí lẹ́nu láti rántí pé Òṣogbo wa yìí gan-an ni National Control Centre wà, ibi tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti ń ṣọ́ òpó iná gbogbo Nàìjíríà tọ̀sán-tòru. Ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí wọ́n ń ṣọ́ níbẹ̀ ni ìwọ̀n 50 náà, kí ó má ṣe lọ sókè jù, kí ó má sì wálẹ̀ jù. Ohun tí wọ́n ń ṣọ́ níbẹ̀ ni mo ń gbọ́ nínú sípíkà bàbá mi.

Mo gbà nígbà náà pé iná wa ni kò mọ́, pé bí mo bá rí ohun tí yóò fọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Mo ra sìtabiláísà, nítorí pé nígbà tí mo fi mítà wọn iná wa, 170 fọ́ọ̀tì ni mo bá ní ìrọ̀lẹ́, ó sì di 250 ní ọ̀gànjọ́ òru, nígbà tí ó jẹ́ pé 230 ni ó yẹ kó jẹ́. Sìtabiláísà náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀: iná dúró sí ojú kan. Ṣùgbọ́n kíkùn kò dúró. Mo tún kó owó jọ, mo ra àpótí kan tí a ń ti gbogbo ẹ̀rọ orin bọ̀, èyí tí wọ́n ní ó ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò lára iná, tí ó sì ń dènà iná tó bá ya wọlé lójijì. Kíkùn náà kò tilẹ̀ mira. Ó lóṣòó tì mí bí òṣómàáló tí ó wá gba owó aṣọ, tí ó ti búra pé òun kò ní dìde títí a ó fi san gbèsè.

Nígbà tí agara dá mi ni ọ̀rẹ́ mi kan sọ àṣírí kan fún mi. Ó ní kí n tú púlọ́ọ̀gì ampilifáyà, kí n yọ wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò tí ó wà nínú rẹ̀, kí n dì í padà. Ó ní gbogbo ẹni tó mọ orin ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo mú ìtúdè, iṣẹ́ náà kò gbà mí ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Mo tan ẹ̀rọ. Ilé pa rọ́rọ́. Nínú ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn, mo gbọ́ bí Dairo ṣe ń mí kí ó tó gbé orin. Bàbá mi pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo gbé wáyà kékeré náà ká nínú púlọ́ọ̀gì, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni, mo sì ń yan káàkiri ilé bí ẹni tó ṣẹ́gun.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, màmá mi ń tún pálọ̀ ṣe. Wọ́n ti fi omi nu ilẹ̀, wọn kò wọ bàtà, aṣọ tútù sì wà lọ́wọ́ wọn. Èmi wà ní ilé ìdáná. Igbe kan ni mo gbọ́, igbe kúkúrú tí ó gé ara rẹ̀ sí méjì, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìró ohun tó ṣubú. Mo sáré wọlé. Màmá mi ti wà lórí ilẹ̀ lẹ́bàá àga, ojú wọn là sílẹ̀, ẹnu wọn ń gbọ̀n, wọn kò sì lè sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n na ọwọ́ láti nu ara ampilifáyà ni iná gbé wọn, tí ó sì jù wọ́n dànù. Mo pa iná gbogbo ilé láti ara mítà kí n tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe dáadáa lọ́jọ́ náà nìyẹn.

A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn dókítà yẹ ọkàn wọn wò, wọ́n sì ní kí wọ́n dúró di ìrọ̀lẹ́. Ìka ọwọ́ ọ̀tún wọn wú, ẹ̀gbẹ́ wọn sì bó. Ọlọ́run yọ wọ́n. Nígbà tí a padà délé, bàbá mi nawọ́ sí ampilifáyà, wọ́n ní, "Ẹ gbé e jáde kúrò nílé mi." Màmá mi ní kí wọ́n má ṣe bínú sí ẹ̀rọ, pé orí àwọn ni ó kó àwọn yọ. Mo wà láàárín wọn, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, n kò sọ̀rọ̀. Òru mẹ́ta ni mo fi wò òkè àjà. Mo mọ ohun tí mo ṣe, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á.

Ní ọjọ́ kẹrin ni bàbá mi ránṣẹ́ sí àgbà oníṣẹ́ iná kan ní àdúgbò wa. Bàbá náà kò kọ́kọ́ lọ sí ìdí ampilifáyà. Púlọ́ọ̀gì ni wọ́n mú, wọ́n tú u, wọ́n wò inú rẹ̀ pẹ́. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní, "Tíṣà, ta ni ó yọ èyí?" Bàbá mi wo màmá mi. Màmá mi wo ilẹ̀. Mo ní, "Èmi ni, sà. Mo yọ ọ́ kí ariwo yẹn lè dákẹ́."

Mo ti ń retí ìbínú. Màmá mi kò bínú. Ìbéèrè kan péré ni wọ́n bi mí: "Kí ni iṣẹ́ wáyà náà kí o tó yọ ọ́?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, n kò mọ̀ ọ́n. Mo ti ka oríṣiríṣi nǹkan nípa sípíkà àti nípa àpótí tí ń fọ iná, mo sì ti ná owó oṣù méjì lé wọn lórí, ṣùgbọ́n n kò lè dá ìyá mi lóhùn.

Bàbá oníṣẹ́ iná ni wọ́n dáhùn. Wọ́n ní wáyà mẹ́ta ni ó ń wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Èkíní ni láìfù, òun ni ó ń gbé iná wá. Pupa ni àwọ̀ rẹ̀ nínú ilé àtijọ́, búráùn ni nínú ti òde òní. Èkejì ni níútírà tí ó ń dá iná padà. Dúdú ni tẹ́lẹ̀, búlúù ni nísinsìnyí. Ẹ̀kẹta ni ẹ́ẹ̀tì, aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò, tí ó lọ láti ara irin ẹ̀rọ dé inú ilẹ̀ gan-an. Ní ọjọ́ tí gbogbo nǹkan dára, kò ní iṣẹ́ kankan. Ọjọ́ burúkú ni a ṣe fi í síbẹ̀. Bí láìfù bá ṣèèṣì kan irin ara ẹ̀rọ, ẹ́ẹ̀tì ni yóò fún iná náà lọ́nà àbùjá lọ sínú ilẹ̀, tí iná yóò fi já kí ènìyàn tó fọwọ́ kàn án. Bí kò bá sí níbẹ̀, irin náà yóò máa dúró de ọwọ́ ẹni àkọ́kọ́. Àwọn bàbá wa kò ṣèèṣì pè é ní iná mànàmáná: bí ti ojú ọ̀run ti ń wá ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti inú ilé ń wá a. Bí a kò bá fún un ní ọ̀nà, yóò fi ara ènìyàn ṣe ọ̀nà.

Wọ́n ṣí ampilifáyà. Rọ́bà tó bo láìfù níbi tí ó ti wọ inú irin ti gbẹ, ó ti sán, bàbà inú rẹ̀ sì ń kan ara irin. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wáyà náà ti wà níbẹ̀.

Mo bèèrè pé, "Ìyẹn ni pé bí n kò bá yọ ọ́, nǹkan kan kì bá tí ṣe Màmá?" Bàbá náà kò dáhùn kíá. Wọ́n mú mítà, wọ́n wọn sọ́kẹ́ẹ̀tì pálọ̀. Láàárín láìfù àti níútírà, 221 ni. Láàárín láìfù àti ẹ́ẹ̀tì, tí ó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye kan náà, 97 ni. Láàárín níútírà àti ẹ́ẹ̀tì, tí ó yẹ kó súnmọ́ òdo, 124 ni. Wọ́n mi orí. Wọ́n tọ wáyà ẹ́ẹ̀tì láti ìdí mítà lọ sí ẹ̀yìnkùlé, títí dé ibi tí bàbá mi ti mọ fẹ́ǹsì ní 2011. Ibẹ̀ ni wáyà náà parí sí. Àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ti gé e, wọ́n sì fi yẹ̀pẹ̀ bò ó. Láti ọdún náà wá, gbogbo ẹ́ẹ̀tì ilé wa so mọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n wọn kò so mọ́ ilẹ̀.

Nígbà náà ni kíkùn yẹn wá yé mi. Fírííjì, tẹlifíṣọ̀n àti àwọn ẹ̀rọ mìíràn máa ń jo iná díẹ̀díẹ̀ sínú wáyà ẹ́ẹ̀tì. Nínú ilé tó pé, ilẹ̀ yóò gbé e mì. Nínú ilé tiwa, kò ríbi lọ. Ó ń rìn káàkiri láti ara ẹ̀rọ kan dé òmíràn, títí ó fi wọ inú ampilifáyà bàbá mi tó sì di ohùn. Kíkùn náà ni ilé wa fi ń kígbe pé òun kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Dípò kí n bèèrè ohun tó ń ṣe é, mo fi ọwọ́ dí i lẹ́nu. Àwọn àgbà ní a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Bàbá náà wá fún mi lésì. Wọ́n ní wáyà tí mo yọ nìkan kò lè gba màmá mi là, níwọ̀n bí òpin rẹ̀ ti gé. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti pè àwọn nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ariwo náà, àwọn ì bá ti rí àìsàn méjèèjì. Gbólóhùn yẹn ni mo ṣì ń gbé kiri.

Ọjọ́ méjì ni a fi tún ilé ṣe. Wọ́n ri ọ̀pá bàbà kan mọ́lẹ̀ lẹ́bàá kànga, níbi tí ilẹ̀ kì í ti í gbẹ pátápátá bí ọyẹ́ tilẹ̀ dé, wọ́n sì kó èédú àti iyọ̀ yí i ká kí ilẹ̀ lè túbọ̀ máa gba iná. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, óòmù 38 ni. Wọ́n ri ọ̀pá kejì síwájú díẹ̀, wọ́n so méjèèjì pọ̀, ó wálẹ̀ sí 21. Wọ́n ṣàlàyé pé bí ọ̀pá tilẹ̀ wà, agbára rẹ̀ nìkan lè máà tó láti mú fíùsì já kíákíá. Nítorí náà wọ́n fi bírékà kan kún un tí ń ṣọ́ iná tó bá ń jò. Mílíáńpíà 30 péré tó bá yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, kíá ni bírékà yìí yóò já. Ó ní bọ́tìnnì kékeré kan tí a ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti dán an wò. Màmá mi ni wọ́n fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, wọn kì í sì í gbàgbé.

A pààrọ̀ wáyà ampilifáyà. Èmi fúnra mi ni mo dá ẹ́ẹ̀tì padà sínú púlọ́ọ̀gì, bàbá oníṣẹ́ iná sì dúró tì mí.

Kíkùn rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣẹ́kù díẹ̀. Èyí náà ní ìdí tirẹ̀. Mo ti ampilifáyà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri kan, mo ti tẹlifíṣọ̀n tí a so mọ́ ọn bọ ti ògiri kejì, wáyà díìṣì sì wọlé láti orí òrùlé. Bí ẹ̀rọ méjì tí wáyà ohùn so pọ̀ bá gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ sí ilẹ̀, òrùka ńlá kan ni wọ́n jọ dì, iná yóò sì máa yí po nínú òrùka náà. Òògùn rẹ̀ kò ná mi ní kọ́bọ̀: mo ti gbogbo ẹ̀rọ orin bọ ojú kan náà, mo yọ wáyà tẹlifíṣọ̀n kúrò, mo sì ya wáyà ohùn sọ́tọ̀ kúrò lára wáyà iná. Mo tún so wáyà tín-ín-rín tó wà lára giramafóònù mọ́ ìdí ampilifáyà bó ti yẹ. Kíkùn náà lọ pátápátá. Òṣómàáló ti gba owó rẹ̀.

N kò sọ pé sìtabiláísà kò wúlò. Ó wúlò gan-an ní ìlú tí iná ti ń lọ sókè sódò. Ohun tí mo ń sọ ni pé ohun gbogbo ní ipò tirẹ̀. Àpótí olówó gọbọi tí mo rà, ilẹ̀ ni ó ń da apá kan iná tó ya wọlé sí. Níbi tí kò ti sí ilẹ̀, apá kan iṣẹ́ rẹ̀ ti kú kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Kódà sìtabiláísà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí níútírà bá já lára òpó àdúgbò, iná tó ń wọlé lè fò dé itòsí 400 fọ́ọ̀tì. Ẹ̀rọ tí ń já iná fúnra rẹ̀ nígbà tí ó bá ga jù ni ó yẹ kó ṣáájú sìtabiláísà. Ẹni tó bá sì ń lo ínfátà, kí ó bèèrè irú ìgbì iná tí ó ń mú jáde. Ínfátà tí ìgbì rẹ̀ kò yí bírí bíi ti iná ìjọba lè mú kí ẹ̀rọ orin kùn lọ́tun, bí ẹ́ẹ̀tì tilẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni ìpìlẹ̀. Bí a bá ní owó díẹ̀, ibẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ ná an sí, nítorí ẹ̀mí ni ó ń ṣọ́ kó tó ṣọ́ orin.

Fún oṣù méjì, màmá mi kò sún mọ́ ampilifáyà náà. Bí wọ́n bá ń tún pálọ̀ ṣe, wọ́n á yí i sílẹ̀ pẹ̀lú eruku rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, bàbá mi ń gbọ́ orin, wọ́n di ojú, wọ́n ń fi ìka lu apá àga. Nígbà tí orin parí, màmá mi dé láti yàrá pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ lọ́wọ́. Wọ́n wọ sálúbàtà. Wọ́n ní, "Ṣé o ti pa á?" Mo ní mo ti pa á. Wọ́n ní, "Yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kí n rí i." Mo yọ ọ́, mo gbé e lé wọn lọ́wọ́. Nígbà náà ni wọ́n nu ẹ̀rọ náà láti òkè dé ìdí, láìkánjú.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé ilé àyágbé, a sì ń kó sípíkà ńláńlá wọ inú yàrá tí a kò mọ ẹni tó fa wáyà rẹ̀. Bí ẹ̀rọ yín bá ń kùn, bí ara irin rẹ̀ bá ń ta yín lọ́wọ́ wínníwínní, ẹ má ṣe dí i lẹ́nu. Ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́, kí ó gbé mítà dání, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè kan kí ẹ tó ra ohunkóhun: níbo ni wáyà kẹta ilé yìí parí sí?